Ètò kíkọ́ ọmọ nílé tó ń bá òjò àti ẹ̀rùn Èkìtì rìn: ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò

Ìyá Àánú, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ mẹ́ta ni èmi àti ọkọ mi ń kọ́ nílé. Àgbà wọn ti pé ọdún mẹ́wàá, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin. Aṣọ ni mò ń rán nínú ilé. Bàbá wọn ní oko lọ́nà Ìlawẹ̀, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Onígbàgbọ́ ni wá. Ìdí tí a fi ń kọ́ wọn fúnra wa ni pé a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìwé kíkà jọ máa rìn pọ̀ láti àárọ̀.

Ètò ọdún ló ń dà mí láàmú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ètò tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ni. Wọ́n pín ọdún sí mẹ́rin: ìgbà tí ewé ń wọ́, ìgbà yìnyín, ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ní kí ọmọ jáde lọ ṣa ewé pupa lábẹ́ igi. Oṣù Kẹwàá tiwa, àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì ló wà lóko, ilẹ̀ ṣì tutù. Bí mo bá sì ní kí n tẹ̀lé ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Keje, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, oko á pè, òjò á dé, ìpàdé ìjọ á bọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pín ọdún tiyín? Kí ni kì í yẹ̀ lójoojúmọ́, kí lẹ sì ń jẹ́ kó yẹ̀? Mo fẹ́ ètò tí kò le jù, tí kò sì dẹ̀ débi tí ọmọ á fi máa ṣeré kiri títí ọdún á fi parí.

Tíṣà Àgbà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìyá Àánú, ẹ kú ìrònú. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, mo ń ran ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi nílé. Ohun tí mo gbà gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun díẹ̀ ni kó dúró, kí ìyókù máa bá ojú ọjọ́ lọ. Mẹ́ta péré ló dúró nílé tiwa: ìjọsìn àárọ̀, ìwé kíkà sókè, àti ìṣirò. Òjò ìbáà rọ̀, àlejò ìbáà dé, ilẹ̀ kì í ṣú kí a má tíì ṣe wọ́n. Fún ọmọ ọdún méje, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ. Bí oko bá wá pè yín, ẹ ti ṣe ohun tó ṣe kókó kí oòrùn tó ga.

Ìyókù, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, àwòrán yíyà, iṣẹ́ ọwọ́, orin, ẹ pín wọn sí ìgbà.

Láti ìparí oṣù Kẹta tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Keje, ohun tó ń hù ni kí sáyẹ́ǹsì yín dá lé. Kí ọmọ gbin àgbàdo fúnra rẹ̀, kó máa fi rúlà wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa ya ewé rẹ̀ sínú ìwé. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àgbàdo yẹn á ti wà nínú ìkòkò. Ẹ tún wá agolo kan tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba, ẹ gbé e síta níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní bò ó. Bí òjò bá ti dá, ọmọ á ki rúlà bọ̀ ọ́, á ka iye mìlímítà omi tó wà níbẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, á sì da omi náà nù. Bó bá ṣe é dé oṣù Kẹwàá, àwòrán tó máa yà á fi hàn án bí òjò ṣe ga ní oṣù Kẹfà àti Keje, bó ṣe sinmi ní oṣù Kẹjọ, àti bó ṣe tún padà ní oṣù Kẹsàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yín tó o ṣe dáadáa.

Oṣù Kẹjọ, ẹ sinmi. Iṣu tuntun ti dé, àwọn ọmọ ẹbí ti ti Èkó wá fún ọlidé. Ẹ má bá wọn jìjàdù. Àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ti tó.

Oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá ni kí ẹ fi sí ìwé gan-an: gírámà, àròkọ, ìdá, gbogbo ohun tó bá le. Ojú ọjọ́ tutù, ọmọ á lè jókòó pẹ́.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ọyẹ́ á kọ́kọ́ dé, ooru á tẹ̀ lé e. Ọ̀nà gbẹ nígbà náà, ẹ gbé wọn jáde. Ẹ lọ sí Ìkògòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, kí wọ́n fọwọ́ kan méjèèjì. Ẹ lọ wo òkè Olósùnta ní Ìkéré. Ẹ gba Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi jagunjagun, kí ẹ sọ ìtàn ogun Kírìjì tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà fún wọn níbẹ̀, láti 1877 tó bẹ̀rẹ̀ títí dé àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886. Ọmọ tó bá dúró láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn á lóye ìtàn náà ju ẹni tó kà á lórí àga lọ.

Màmá Ìbejì, Ìkéré-Èkìtì

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ páànù wà ńbẹ̀ tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà. Yàrá tí a ti ń kàwé kò ní àjà. Bí òjò ńlá bá bọ́ sórí páànù, bí mo pariwo títí, ọmọ tó jókòó tì mí kò ní gbọ́ ohun tí mò ń kà. Nítorí náà, àárọ̀ ni mo gbé ìwé kíkà sókè sí, torí ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni òjò tiwa sábà máa ń dé. Mo wá kọ ọ́ sára ògiri pé: ÒJÒ DÉ, ÌWÉ ÌKỌ̀WÉ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ̀kán àkọ́kọ́ lórí páànù, ìbejì á ti dìde, ọ̀kan á kó aṣọ wọlé, èkejì á kó ìwé ìkọ̀wé àti pẹ́ńsù sórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi á máa rìn lẹ́yìn wọn, ibi tí lẹ́tà kò bá dúró dáadáa ni mo máa fi ìka tọ́ka sí. Àkókò yẹn ti di èyí tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ń dára jù.

Oṣù Kẹta ní tirẹ̀, páànù yẹn kan náà á gbóná débi pé ẹni tó jókòó lábẹ́ rẹ̀ ní aago méjìlá á máa tòògbé. Nígbà náà, aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń pa ìwé dé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, abẹ́ igi máńgòrò lẹ̀yìn ilé ni. Lásìkò ọyẹ́, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ sí i. Ó di ìgbà tí a bá gbé omi kaná tí wọ́n sì wẹ̀ tán, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ká tó kọrin ìyìn.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà

Èkìtì kete! Òkèèrè ni mo ti ń kà yín, ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ mí lára torí èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ mi nílé. Ìyá Àánú, ìdí tí àwọn ètò yẹn fi rí bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Níbi tí mo wà, ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní oṣù Kẹfà, ó ṣì mọ́lẹ̀ rekete ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ó di dandan kí òbí níbí fi iṣẹ́ inú ilé sí ìgbà kan, kó fi ti ìta sí ìgbà mìíràn. Ní Èkìtì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan. Omi, ooru àti eruku ló ń yí ìgbà tiyín padà. Ẹ má jẹ́ kí ètò ará ibòmíràn mú yín rò pé ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí àgbà wọn ṣe èyí: kó ri igi kan mọ́lẹ̀ lóòró sí àgbàlá, kó máa wo òjìji rẹ̀ ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú, ìgbà tí oòrùn ga jù lọ́dọ̀ yín. Láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin sí ìparí oṣù Kẹjọ, òjìji yẹn á kọjú sí gúúsù. Ní oṣù yòókù, àríwá ló máa kọjú sí. Tèmi níbí kì í kúrò ní àríwá látọdún dọ́dún. Bí ó bá wù yín, kí àwọn ọmọ wa máa fi ìwọ̀n òjìji ránṣẹ́ síra wọn lóṣooṣù.

Ará Ọyẹ́

Ẹ má bínú sí mi o, ìfẹ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ń kọ́? Ìdánwò ń kọ́? Ọmọ tí kò jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, níbo ló ti máa kọ́ bí a ṣe ń ní sùúrù fún ẹlòmíràn? Ohun kejì ló wá ń dùn mí jù. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, ibi tí wọ́n bá ti ní ètò àwọn dẹ̀, ọmọbìnrin ló máa ń di olùtọ́jú àbúrò, ọmọkùnrin á di ará oko. Ọdún á yí, ìwé kò ní yí.

Tíṣà Àgbà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ará Ọyẹ́, ìbéèrè yín tọ́, kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀. Òfin UBE ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gírámà kékeré, kó sì parí wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni: mẹ́fà àti mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba gbogbo ẹni tó bá bi mí níyànjú pé kó má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ ṣàlàyé ara yín. Ẹ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ mọ bí orúkọ ọmọ ṣe lè wà lọ́dọ̀ wọn àti bó ṣe máa jókòó ṣe ìdánwò. Ẹ gba ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiyín. Bó bá dé ìparí gírámà àgbà, WAEC àti NECO ní ìdánwò fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀.

Kí ẹ sì ní ìwé àkọsílẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun kọ igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ẹ kọ ọjọ́, ojú ìwé tí ẹ kà, iye ìṣirò tó gbà àti èyí tó kùnà. Ètò tó ń bá ìgbà yí nílò àkọsílẹ̀ ju ti ilé-ẹ̀kọ́ lọ, torí kò sí agogo tó máa lù láti rán yín létí. Bí oṣù kan bá lọ tí ẹ kò rí nǹkan kọ síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ohun tí Ará Ọyẹ́ ń bẹ̀rù ti dé.

Àgbẹ̀ Onígbàgbọ́, Ìjẹ̀ṣà-Ìsù

Tíṣà wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá tí ẹ ní kí a fi sí ìwé líle, kò lè rí bẹ́ẹ̀ nílé olóko kòkó. Ìgbà yẹn gan-an la ń ká kòkó, tí a ń fọ́ ọ, tí a ń sá a. Nílé tiwa, oṣù Kejì àti Kẹta ni ìwé líle, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ tí oko sì dákẹ́ díẹ̀. Kí olúkúlùkù wo iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé rẹ̀ kó tó ya oṣù sọ́tọ̀.

Lórí ohun tí Ará Ọyẹ́ sọ, òfin ilé wa nìyí, ó kan ọkùnrin àti obìnrin bákan náà: ẹni tí kò bá tíì ka ìwé, kò ní bá mi lọ sóko. Èmi ni mo máa dúró dè é. Bí a bá sì dé oko, iṣẹ́ yẹn kì í di ẹ̀kọ́ àfi bí mo bá béèrè tí ọmọ sì dáhùn. Igba ebè là ń kà nílẹ̀ wa. Mo bi ọmọ mi pé, bí ebè kọ̀ọ̀kan bá fi mítà kan jìnnà sí èkejì, igba ebè mélòó ló máa wà nínú hẹ́kítà kan? Ó jókòó sórí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi igi kọ ọ́ sílẹ̀: ọgọ́rùn-ún mítà lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹgbàárùn-ún ebè, igba lọ́nà àádọ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bi èmi náà léèrè pé èló ni àwọn lébìrà ń gbà lórí igba kan. A ṣe ìyẹn náà.

Ìyá Ìjọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ òjò, ó ku ọdún Ìjọ. Ìyá Àánú, ẹ ti ní kàlẹ́ńdà kan tẹ́lẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀lé, ẹ kàn gbé e wọ inú ẹ̀kọ́ ni. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ṣáájú Kérésìmesì ni Àdífẹ́ńtì, ó sì máa ń bọ́ sí ìgbà tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ ń bọ̀. Ní alaalẹ́, a máa ń ka ìlérí àwọn wòlíì títí dé ìbí Jésù. Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sínú ooru, nígbà tí agbára ọmọ kò pọ̀, nítorí náà a dín iṣẹ́ ìwé kù, a fi ẹ̀kọ́ orí Ìwé Ìhìn Rere rọ́pò. Lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn ọmọ mi ló ń fúnra wọn ka ọjọ́ dé Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ilẹ̀kùn. Ó máa ń tó ìgbà náà kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Ìkórè wá nìyẹn: kí ọmọ mú nǹkan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lọ sí iwájú Olúwa. Kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí màmá rẹ̀ rà lọ́jà.

Fún ìtàn ìgbàgbọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní oṣù Keje, a máa ń sọ ti wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá: ìpè tó gbà ní 1928 nígbà tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà, ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, àti bó ṣe wá gbé ní Ẹ̀fọ̀n wa níbí. Ó sùn nínú Olúwa ní 1959, ibí yìí ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn ọmọ lè rìn débẹ̀. A máa ń fi ti Samuel Ajayi Crowther sí ìgbà tí a ń kọ́ wọn ní kíka Yorùbá: ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé odidi ní 1884, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹrú ni ẹni yẹn rí máa ń di ìwé náà mú yàtọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí rẹ̀. Ẹ má fi máàkì sí ìjọsìn àárọ̀. Ẹ má sì fi kíkọ ẹsẹ Bíbélì ṣe ìyà fún ọmọ tó ṣẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń sá fún Sáàmù nítorí pé ìyà ni wọ́n fi ń ṣe fún un ní kékeré. Ìwé Diutarónómì 6:7 ní kí a máa sọ ọ̀rọ̀ náà bí a bá jókòó nílé àti bí a bá ń rìn lọ́nà. Ìsọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìdánwò.

Nọ́ọ̀sì Adó

Díẹ̀ lèmi ní láti sọ. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọn á pọ̀, ibà á pọ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ètò yín fún ọjọ́ tí ara ọmọ kò bá dá, kí ẹ má bàa máa lé ìwé bá ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Kí gbogbo wọn sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, kí omi má dúró sínú agolo àti táyà. Àti agolo òjò Tíṣà, kí ọmọ rí i pé òun da omi inú rẹ̀ nù lẹ́yìn tó bá kà á tán.

Bí ọmọ yín bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde, òtútù ọyẹ́ lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Ẹ má mú un jáde ní àárọ̀ kùtù, kó wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, kó máa mu omi púpọ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée, eruku ọyẹ́ kò bá a lára mu, nítorí náà ẹ fi ìrìn àjò rẹ̀ sí ìgbà tí eruku bá ti rọlẹ̀.

Ìyá Àánú, Adó-Èkìtì

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Èmi àti bàbá wọn jókòó lálẹ́ àná, a ka gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta tí Tíṣà sọ la mú, a ó máa ṣe wọ́n kí ó tó di aago mẹ́jọ àbọ̀. Oko iṣu ni tiwa, kì í ṣe kòkó, nítorí náà oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá bá wa mu fún ìwé líle. Ṣùgbọ́n a yọ ọjọ́ Etì kúrò, torí ọjọ́ yẹn ni bàbá wọn ń ká àgbàdo lọ sọ́jà. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ onílà ńlá kan. Ní ọjọ́ Ajé, a máa lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́.

Ó ku àbíkẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò jẹ́ kí àwọn tó kù gbádùn. Ó ń fa ìwé, ó ń bèèrè oúnjẹ, ó ń sunkún bí mo bá ní kó dúró. Kí lẹ ń ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Màmá Ìbejì, Ìkéré-Èkìtì

Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ má fi í sẹ́yìn. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ sọ ìtàn Bíbélì kan fún un, ẹ jẹ́ kó ka ẹ̀wà láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́wàá, ẹ kọ orin kan. Inú rẹ̀ á ti dùn pé òun náà ti kàwé. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹ̀wà àti agolo òfìfo lé e lọ́wọ́, kó máa ṣà á sínú rẹ̀. Ẹ má fún un ní fóònù. Bí ó bá ti rí fóònù láàárọ̀, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí Ará Ọyẹ́ sọ, àwọn ìbejì wà nínú Boys' Brigade àti kọ́yà àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún ní àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé. Ìkéré sí Adó kò jìn. Ṣé a lè máa kó àwọn ọmọ jọ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù?

Ará Ọyẹ́

Bí ẹ bá ṣe ìyẹn, èmi náà á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá nígbà ọlidé. Mo lè kọ́ wọn ní bí a ṣe ń tún rédíò ṣe, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Ìyá Àánú, Adó-Èkìtì

A ti gbà, sà, ẹ ṣeun. Màmá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi sí Ọjọ́bọ̀ kìíní àti ẹ̀kẹta oṣù, aago mẹ́wàá, nílé wa. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, kí a sún un sí ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má gun ọ̀kadà nínú òjò pẹ̀lú ọmọ. Kí olúkúlùkù mú ẹní kan wá. Ẹ fi iye ọmọ tí ẹ ń mú bọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n lè mọ iye kóńgò ẹ̀wà tí màá sè.